Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n Oṣù Èbìbí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Ohun méjì ni àwọn baba wa fi òwe yìí sọ fún wa. Èkíní ni pé ọjọ́ kò dọ́gba. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, ni pé Yorùbá ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ọjọ́ tipẹ́tipẹ́, kí òyìnbó tó gbé kàlẹ́ńdà tirẹ̀ dé. Ọrún ni wọ́n fi ń ná ọjà, ọrún ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà, ọrún náà ni wọ́n sì fi ń dá ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀ lóde òní kò lè sọ fún akọ̀wé ìjọba pé ọjọ́ ọjà ni wọ́n bí òun, kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi gan-an nìyí, òun náà ló sì bí àròkọ yìí.

Ìgándò ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní agbègbè tí a ń pè ní Alímòṣọ́ lónìí. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ilé sọ fún wọn ni pé ọdún tí ọ̀sán ṣàdéédé di òru ni wọ́n dé ayé. Òkùnkùn ọ̀sán náà kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí ọdún 1947 ni òṣùpá bo oòrùn lójú ní ilẹ̀ wa, tí ẹ̀rù sì ba tọmọdé tàgbà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti dàgbà nígbà náà ló fi ọdún náà ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ wọn.

Nígbà tí a mú ìyá mi lọ gba orúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdánimọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ orúkọ bi wọ́n léèrè ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ọdún tí ọ̀sán dòru ni." Ọmọkùnrin náà yíjú sí mi, mo sì sọ ọdún náà fún un. Ó wá bèèrè oṣù àti ọjọ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ gidi ni, kò jágbe mọ́ wa. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ni, kò ní ṣòro fún yín láti rántí." Báyìí ni ìyá mi ṣe di ẹni tó ní ọjọ́ ìbí lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọdún márùnlélọ́gọ́ta láyé.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti máa ń ra kéèkì lọ́dọọdún. Ìyá mi a rẹ́rìn-ín, wọ́n a pa iná àbẹ́là, wọ́n a sì jẹ díẹ̀. Ní ọdún kan, bí wọ́n ti ń nu ọwọ́ wọn, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tí o máa ń ka ìwé yìí, ta ni wọ́n tiẹ̀ bí lọ́jọ́ náà gan-an?" Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sinmi.

Mo kọ́kọ́ wo òkèèrè. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1703 ni ọba Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Peter Ńlá fi ìpìlẹ̀ odi kan lélẹ̀ létí odò Neva, tí odi náà sì di ìlú St. Petersburg. Àwọn ará ìlú náà ṣì ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lórí kàlẹ́ńdà tí Rọ́ṣíà ń lò nígbà náà, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n pa kàlẹ́ńdà dà ni ọjọ́ ìbí ìlú náà ṣí nípò. Kí Peter sì tó dé, àwọn ará Sweden ti ní odi tiwọn nítòsí ibẹ̀, abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ sì wà káàkiri ẹ̀bá odò náà. Àwọn tálákà tí ọba fi agbára kó wá síbi iṣẹ́ náà kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún nínú ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ ìbí ìlú bá pé, ọba ni wọ́n ń kì.

Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 1907 ni wọ́n bí Rachel Carson ní Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin náà ló kọ ìwé ní ọdún 1962 tó fi ta gbogbo ayé lólobó pé oògùn tí a ń fín sí oko láti pa kòkòrò yóò ṣàn wọ inú odò, yóò wọ inú ẹja àti ẹyẹ, yóò sì padà wá bá ènìyàn. Àwa tí a ń gbé nítòsí ààtàn ńlá Solous ní Ìgándò, níbi tí Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún da ìdọ̀tí sí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1923 ni wọ́n bí Henry Kissinger ní ilẹ̀ Jámánì, ẹni tó di olùdámọ̀ràn ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé tiwa ń jà lọ́wọ́. Ó gbé ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kú ní ọdún 2023.

Ọjọ́ náà mọ ikú pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1964 ni Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní India lẹ́yìn òmìnira, papòdà. Ọjọ́ ìbí Nehru, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ni àwọn ará India fi ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tiwọn, nítorí ó fẹ́ràn ọmọdé. Ọdún 1964 yìí kan náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá kan kú ní òkèèrè ni àwọn ọmọ wa ń jó.

Mo ka gbogbo èyí fún ìyá mi. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì ní, "Àwọn tó jìnnà nìyẹn. Níhìn-ín ńkọ́?"

Níhìn-ín, ọmọ méjìlá ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí bọ́ sí ní ọdún 1967. Ọjọ́ náà ni Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun, kéde lórí rédíò pé òun ti pín ẹkùn mẹ́rin tó wà ní Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Wọ́n pín Àríwá sí mẹ́fà, wọ́n pín Ìlà-Oòrùn sí mẹ́ta, Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn dúró bó ṣe wà, wọ́n sì yọ Èkó lára Ìwọ̀-Oòrùn. Kánò, Kwara àti Rivers ń bá Èkó pín ọjọ́ ìbí yìí títí dòní. Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ju Èkó tí àwọn ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n kó Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì mọ́ ọn. Abẹ́ Ìkẹjà ni Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò wà. Bí wọ́n ṣe sọ àwa náà di ará Èkó nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa di ẹrù.

Ilé wa jẹ́ ẹ̀rí sí èyí. Ọdún 1965 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìparí ọdún 1967 ni wọ́n bí èmi. Yàrá kan náà ni, agbẹ̀bí kan náà ni, orí ẹní kan náà ni. Síbẹ̀, ọmọ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí. Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí èmi sí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi èyí bá ara wa jà. Èmi a pè é ní ará òkè, òun a sì pè mí ní ọmọ àná, pé òun ju ìpínlẹ̀ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ọjọ́ ìbí ìpínlẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìbí ìlú. Àwọn Àwórì tó tẹ agbègbè wa dó ní ìtàn tiwọn, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnmìnírè ti tẹ̀lé àwo kan tó léfòó lójú omi, tí àwo náà sì rì ní Ìṣẹrì, tí wọ́n fi ń jẹ́ Àwórì. Ìtàn yìí kò ní déètì. Kò sí ẹni tó lè fi kéèkì ṣe ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni àwọn onílẹ̀ fi ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Dòsùmú, ọba Èkó, tọwọ́ bọ ìwé tó sọ erékùṣù rẹ̀ di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Àwórì ti ń dáko lórí ilẹ̀ yìí ọjọ́ ti pẹ́.

Ní ayé òyìnbó pàápàá, ìgbà mélòó ni wọ́n ṣí ààlà nípò! Ní ọdún 1951, wọ́n so Èkó pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1954, wọ́n tún já a kúrò, wọ́n sọ ọ́ di olú-ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fárí gá. Ìgboro ni wọ́n mú lọ, oko wa ṣẹ́kù sí Ìwọ̀-Oòrùn. Èyí kò sì ṣàìní èrè tirẹ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n mú láti oko ẹ̀gẹ́ lọ sí kíláàsì. Ìwé kẹrin péré ni wọ́n kà dé, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ní a, b, d. Ẹni tó bá sọ pé ọdún 1967 ni ìtàn wa bẹ̀rẹ̀, ó ti pa iná tí ìyá mi fi kọ́ mi níwèé.

Kí ló dé tí wọ́n fi pín orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ náà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Lóòótọ́, àwọn ọmọ Èkó kan ti ń bèèrè fún ìpínlẹ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní Àríwá àti Ìlà-Oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ogun ló mú kí ọ̀rọ̀ náà yá kánkán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ológun pa àwọn aṣáájú ìjọba. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn ológun mìíràn pa Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, àti Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò ní Ìbàdàn. Wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò ní Àríwá, àwọn tó sì yè é bọ́ ń sá lọ sílé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn bà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Aburi, ní ilẹ̀ Ghana, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967 kò fìdí múlẹ̀. Odumegwu Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, ti ń múra láti yapa.

Nítorí náà, bí Gowon ṣe pín orílẹ̀-èdè, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Ìgbò kò kan òkun. Èbúté àti púpọ̀ nínú epo rọ̀bì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ méjì tuntun tí wọ́n dá fún àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Ìlà-Oòrùn. Inú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí dùn, nítorí ohun tí wọ́n ti ń bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Àmọ́ lójú Ojukwu, ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Èbìbí, ó kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kí ogun náà tó parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti kú, àwọn ọmọdé tí ebi pa sì pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fojú inú wò ó. Ọjọ́ tí a ya sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe ìpín náà, àwọn ọmọdé sì ni ogun náà pa jù. Yorùbá ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Ìdí nìyí tí a fi ní Abíọ́dún, tí a ní Abíọ́nà, tí a ní Abọ́sẹ̀dé. Orúkọ ọmọ ń sọ ipò tí ilé wà nígbà tó dé. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ọmọ kan tí a sọ lórúkọ láìwo ilé.

Èmi kò sọ pé kí a má ṣe ọdún Èkó. Ọmọ tó dé nígbà tí ilé dàrú kò jẹ̀bi rúdurùdu náà, ọmọ yìí sì ti ṣe bẹbẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mọ́bọ́lájí Johnson nígbà tó di gómìnà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1968 ni iṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní ọdún 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú rẹ̀, ìjọba sì di aládùúgbò wa. Látééfù Jákàǹdè dé ní ọdún 1979, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri, tó fi mọ́ Abẹ́sàn ní Ìpájà. Bí èrò ṣe ń kún ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní Alímòṣọ́ jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni Èkó ti pín un sí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè mẹ́fà, tí Ìkòtún àti Ìgándò jọ wà nínú ọ̀kan. Oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ti di òpópónà. Ilé alájà méjì ló wà níbi tí a ti ń wú ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà, ọmọ Ìgbò sì wà nínú wọn.

Nígbà tí Èkó pé àádọ́ta ọdún ní 2017, ayẹyẹ náà kàmàmà. Wọ́n gbé Ẹ̀yọ̀ jáde ní erékùṣù, iná àràbarà tàn lójú ọ̀run. Mo gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ náà nípa bí Èkó ṣe di ńlá. Nínú gbogbo èyí tí mo gbọ́, kò sí ọ̀kan tó mẹ́nu kan ìdí tí wọ́n fi bí i ní ọjọ́ náà.

Gbogbo èyí náà ni mo rò fún ìyá mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Sátidé yẹn, oyún rẹ kò tíì hàn." Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Obìnrin Ìgbò kan wà tó máa ń ta pánlá ní ọjà Ìkòtún nígbà náà. Ó máa ń ta àwìn fún ìyá mi, nítorí àwọn méjèèjì jọ mọ ìyà ọmọ títọ́. Ìyá mi jẹ ẹ́ ní ṣílè mẹ́ta, wọ́n sì ní àwọn yóò san án ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ ọjà náà pé, obìnrin náà kò wá. Wọ́n ní ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn Ìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó, ìyá mi wá a kiri ọjà, láti Ìkòtún dé Agége. Wọn kò rí i.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ dé, ṣílè kógbá wọlé. Ìṣirò ìjọba ni pé ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ni pé gbèsè ìyá mi di ọgbọ̀n kọ́bọ̀. Kò sí ohun tí ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lè rà mọ́ lónìí. Ìyá mi kò gbà pé gbèsè náà ti tán nítorí ìyẹn.

Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí a tó gé kéèkì ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí, ìyá mi máa ń sọ ìtàn alápánlá náà fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ní ọdún tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, tó ti yan lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tí bàtà rẹ̀ sì kún fún eruku Ẹgbẹ́dá, bèèrè pé, "Màmá àgbà, kí ni orúkọ obìnrin náà?" Ìyá mi sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yọ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa.